Bàsíà

Gílóòbù pálọ̀ kọ̀, kò tàn.
Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ti fọ́jú láti àná.
Láti Kánádà ni Bọ́dúnrìn ti ń pè, tó tún ń pè:
"Pa á. Ka ọgbọ̀n. Tàn án padà."
Mo pa á. Mo ka ọgbọ̀n.
Mo kà á dé àádọ́ta, bóyá ó ń fẹ́ èènì.

"Páàsìwọ́ọ̀dù ńkọ́? Lẹ́tà ńlá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."
Orúkọ bàbá wa ni. Mo mọ̀ ọ́n kọ.
"Àbí òkè Ẹ̀fọ̀n ló dí i?"
Òkè ti wà níbẹ̀ kí a tó bí ẹni tó ṣe wáyà,
lóṣù tó kọjá kò dí nǹkan kan.

Fóònù mi ní òun ò rí ilé yìí mọ́,
ilé tí mo dúró sí,
tí mo ń gbọ́ ìró odó ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Mo tọ wáyà lọ bí ẹni ń tọ ipa òkété,
lábẹ́ àga, lẹ́yìn fìríìjì,
títí dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Màmá:
bàsíà onírin, ó dojú délẹ̀,
wáìfáì wà lábẹ́ rẹ̀
bí òròmọdìẹ tí a dé mọ́lẹ̀ nítorí àṣá.

"Uná rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi lóru,"
ni Màmá wí. Kò wojú mi.
"Ẹni tó bá fẹ́ rí mi, kó wọ bàálù wá."

Mo ṣí bàsíà.
Pupa. Pupa síbẹ̀. Ó wá di àwọ̀ ewé.
"Kí ló ṣe é?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.
Òkè ni, mo ní.

Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ já láti ẹnu ọ̀nà: "Màmá?"
Màmá kọ́kọ́ wá gèlè,
ó wé e, ó tú u, ó tún un wé,
kó tó jáde lọ dá ògiri lóhùn.