Ilẹ̀ Tí Kò Ṣú

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Tuuli,
a jọ ń lẹ iye owó mọ́ agolo ẹja ní Oulu.
Àbọ̀ owó oṣù lo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì:
“Bóyá níbẹ̀ ni n ó ti bá ara mi pàdé.”

Ẹrẹ̀ mu ọ́ dé kókósẹ̀.
Gìtá ké, ẹgbẹ̀rún ọwọ́ gòkè,
tìrẹ náà gòkè,
ọkàn rẹ jókòó sílé, ó ń ka igi àjà.

Aago méjì òru, oòrùn ṣì là sílẹ̀ bí ojú aláìsùn.
Ilẹ̀ tí kò ṣú,
báwo ni yóò ṣe mọ́?

Àjèjì kan bu ọbẹ̀ ẹja fún ọ.
O ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó.
Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi jókòó sínú ẹrẹ̀.

Ní Mọ́ńdè mo bi ọ́:
ṣé owó náà kò ṣòfò?
O wo bàtà rẹ.
O ò tíì fọ̀ ọ́.