Eruku Ọyẹ́

Ogbómọ̀ṣọ́ ò ní òkun.
Òkun tí mo mọ̀ ò ju ìgò kan lọ,
tí Oyèpéjú gbé bọ̀ láti Àgbádárìgì,
tó fi ọ̀rá dí lẹ́nu.

Ó kán an sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá.
“Dáyátọ́ọ̀mù nìyẹn, Bàbá Láoyè.”
Ilé gíláàsì ni mo rí.
Kò lójú, kò lẹ́nu,
oòrùn ló ń jẹ.

Àwòrán àbùùbùtán kékeré wà lára ògiri.
Kékeré ni wọ́n ń pè é o!
Èmi tí mo ga báyìí, bí mo nà gbalaja, mi ò gùn tó o.
Bí ẹ̀rù bá bà á, a tú omi pupa sẹ́yìn
bí ẹni da osùn nù,
a sì gòkè wá mí.

“Irú èyí tó wà lábẹ́ awò,” ọmọ náà ní,
“wà lára àwọn tó ń ṣe èémí tó ń wá.”

Ọyẹ́ dé. Mo nu àwòrán náà,
eruku kún àkísà.
Oyèpéjú gbọ̀n ọ́n sábẹ́ awò, ó bú sẹ́rìn-ín:
àfọ́kù gíláàsì! Ìbátan tọjọ́sí,
láti adágún kan tó ti gbẹ lọ́nà Sàhárà.

Àbùùbùtán ò lè dé Ogbómọ̀ṣọ́ láé.
Èyí tójú ò rí
ti wà lórí fèrèsé wa
kí wọ́n tó bí mi.