Kọ́kọ́rọ́ Kòtò Kẹta

Èmi Oyèníhùn ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́,
ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ
lẹ́yìn Arówómọ́lẹ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́.
Omi tó bá ti ara aṣọ ṣàn, kòtò mẹ́ta ló ń gbà:
àkọ́kọ́ ń rùn, ó dúdú bí ìdí ìkòkò;
ẹ̀kejì la ń da ẹfun sí, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ó silẹ̀;
ẹ̀kẹta ni mo ti ń ki bébà pélébé bọ omi.
Bó bá pọ́n, mi ò ní ṣílẹ̀kùn.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, òjò ṣú.
Ọ̀gá pè mí lórí fóònù: "Kòtò ti kún.
Tú u sódò, òjò á fọ̀ ọ́ lọ."

Fọ̀ ọ́ lọ síbo?
Mo mọ ọ̀nà odò yẹn:
ó gba oko tẹ̀tẹ̀ Ṣùnmọ́nù,
ó dé ibi táwọn ọmọ ilé-kéú ti ń fọ wàláà.
Kí kòtò tó wà,
ewúrẹ́ mẹ́ta mu níbẹ̀, wọn ò délé.
Ẹni tó ni wọ́n ò tilẹ̀ bínú. Ó ní ejò ni.

Mo ki bébà bọ omi. Ó pọ́n bí ojú ọ̀mùtí.
Mo fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ gèlè,
mo fi tapólì bo ẹnu kòtò, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́,
mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́.

Iṣẹ́ lè bọ́. Mo mọ̀.
Láàárọ̀, mo tún bu ẹfun, agolo márùn-ún,
mo ń dúró de bébà.
Odò ń lọ ní tirẹ̀, kò mọ̀ mí.