Ìka Lórí Ètè

Tíúbù ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fi ṣe ìhámọ́ra mi,
èyí tí ìṣó ti lu lójú mẹ́tàdínlógún,
tí Ọ̀gá Bámitálẹ̀ ní kí n sọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.
Mo fọ̀ ọ́, mo gé e,
mo fi gọ́ọ̀mù táyà lẹ èjìká mọ́ àyà.
Ọ̀dà fàdákà tó ṣẹ́kù lára géètì ìjọ wa
ni mo fi kùn ún lóru,
ajá àdúgbò ń gbó mi bí olè.

Àrínọlá ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi di irun.
Ó rẹ àtásíménì mẹ́rin sínú aró,
ó ní, "Ìwọ tí o kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí rẹ!
Ta ni o fẹ́ lọ dà?"
Mo fẹ́ sọ fún un pé Sumíhara ni.
"Su—" ni mo wí. "Su— Su—"
Ó ní, "Ṣúgà?"
Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣúgà náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n,
ẹ̀ṣọ́ afárá ni Sumíhara, nínú ànímè tí mo ń wò
lóru, nígbà tí dátà bá dínwó.
Ó ta ohùn rẹ̀ fún odò kí àbúrò rẹ̀ lè rékọjá.
Láti ìgbà náà, bí ọ̀tá bá dé tariwo-tariwo,
ìka kan ni yóò gbé lé ètè,
gbogbo nǹkan á dákẹ́, títí kan ewé.
Èmi tí wọ́n ti ń bá parí ọ̀rọ̀ láti kékeré,
bí ẹni ń gba ẹrù lórí arúgbó,
lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo dá fóònù dúró,
mo jókòó sínú òkùnkùn, ó pẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gun ọ̀kadà láti Ìkẹ́rẹ́.
Olóṣùnta wà lẹ́yìn wa nínú kùrukùru,
idà páálí há sí mi lábíyá.
Ní Àjìlósùn, ìyá arúgbó kan tó ń dúró de kẹ̀kẹ́
wò mí láti orí dé bàtà:
"Ulé ìsi ni wọ́n ti bí ẹ?"
Mo gbé ìka lé ètè.
Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé tirẹ̀ náà lé e.

Ṣọ́ọ̀bù àga tó ti kógbá sílé ní Báṣírì
ni wọ́n yá fún ọjọ́ kan péré;
iye owó bẹ́ẹ̀dì ṣì wà lára ògiri.
Ọmọkùnrin kan fi ike omi ṣe ìyẹ́ apá.
Sumíhara mẹ́ta ló ti wà níbẹ̀ kí n tó dé,
ọ̀kan nínú wọn de irun tí wọ́n fi bàálù gbé wá.
Òógùn mú aró ṣàn sí mi létí.
Mo ní kí n kúkú máa lọ.

Wọ́n ti pè wá sórí pèpéle.
Olóòtú ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri:
"Sọ ọ̀rọ̀ tí akọni rẹ fi lórúkọ!"
Ẹni yìí bú ramúramù, ẹni yẹn bú sẹ́kún.
Ó kàn mí.
Ahọ́n mi ti ń wá ògiri tí yóò forí gbá.
Mo wá rántí.

Ìka. Ètè.

Láti iwájú dé ẹnu ọ̀nà, mo rí ìka tó ń gòkè.
Gbogbo ọ̀dọ́ tó ti ń hó bí ọbẹ̀
dákẹ́, wọ́n ń wò mí.
A gbọ́ jẹnẹrétọ̀ níta. A gbọ́ ìgbà tí òjò kan páànù.
Kò sẹ́ni tó bá mi parí rẹ̀.

(Wọn kò fún mi lẹ́bùn o. Onírun bàálù ló gbà á.)

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó padà dé ṣọ́ọ̀bù.
Dírẹ́bà oníṣu kan ń dúró, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.
Mo bọ́ èjìká kan, èkejì kọ̀; gọ́ọ̀mù wa dára.
Mo lẹ táyà tán. Ó ní, "Èló?"
"Ẹ— ẹgb— ẹgb—"
Wọ́n ní bó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba.
N kò fẹ́ràn òwe yẹn rí.
Ọkùnrin náà la ẹnu láti ràn mí lọ́wọ́,
ó rí ọ̀dà fàdákà lọ́rùn mi, ó rí irun aró,
ó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.
Èmi náà kò kánjú.
"Ẹgbẹ̀rún," ni mo wí. Mo mí.
"Méjì."