Onítíì ní Bọ́lọ́rundúró

Ọdún tí mo kó dé Iléṣà láti Ṣakí,
àpótí kan, ife gíláàsì mẹ́jọ, kẹ́tùlù ńlá kan ṣoṣo,
Bọ́lọ́rundúró ni mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tí owó rẹ̀ kò ga.
Agẹ́ńtì ò sọ fún mi.
Ó gba owó tirẹ̀, ó ní, "Àdúgbò jẹ́jẹ́ ni. Ẹ ó gbádùn wọn."

Mo dáná láago márùn-ún ààbọ̀.
Mo fa tíì láti ife dé ife, ó gùn bí okùn kànga,
ìfófòó rẹ̀ ga.
Èèyàn ń kọjá. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.
Ẹnìkan ò jókòó sórí bẹ́ńṣì.
Ọjọ́ kìíní, búrẹ́dì méjì. Ọjọ́ kejì, búrẹ́dì mẹ́ta,
tíì, òdo.
Mo ní bóyá omi Iléṣà ni kò bá ewé tíì ṣe.
Mo ní bóyá ojú mi ni.

Àwọn ọmọkùnrin méjì yọ, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì dúdú,
báàjì láyà bí òṣìṣẹ́ báńkì.
Ọ̀kan ará Uyo, ọ̀kan ará Umuahia.
Báàjì ní Alàgbà ni wọ́n.
Alàgbà! Irùngbọ̀n ò tí ì hù!
Èmi tí mo ti sin bàbá, tí mo ti sin àbúrò,
onítíì lásán ni wọ́n ń pè mí.
Wọ́n tẹrí ba, Yorùbá wọn ń ta kókó bí òwú tútù:
"Bàbá, a kì í mu tíì. A kì í mu kọfí.
Ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ ń wò yìí, Mọ́mọ́nì ni wá."

Mo gbé òòyà wá tà ní ìlú apárí.

Mo ra Mílò.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, iná kì í jó níbẹ̀; àwẹ̀ ni.
Èmi ń din ẹyin, òórùn rẹ̀ ń yọ́ wọ ilé onílé bí olè.
Mo fi ìdérí bò ó bí ẹni bo ẹ̀ṣẹ̀.
Alẹ́ Mọ́ńdè, gbogbo ilẹ̀kùn á tì,
bàbá, ìyá, ọmọ, wọn á jọ máa rẹ́rìn-ín nínú yàrá.
Èmi ń ka owó tí mo ti kà tẹ́lẹ̀.

Ìjì oṣù kẹta gbé páànù orí ilé mi sọ sínú oko ẹ̀gẹ́.
Ní Sátidé, ọkùnrin mọ́kànlá dé, hámà, ìṣó, àkàbà.
Bíṣọ́ọ̀bù wọn, Fápohùndà tí ń lẹ táyà létí títì,
òun ló kọ́kọ́ gun òrùlé, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ya, kò bìkítà.
Mo ń retí. Ìjẹ̀ṣà ṣáà ni wọ́n,
bàbá wọn ni òṣómàáló,
tí í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde.
Mo ní wọn ó lóṣòó. Wọn ó ní kí n wá ṣèrìbọmi.
Ọjọ́ méje. Oṣù kan.
Èmi gan-an ni mo wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ara mi,
mò ń dúró de gbèsè tí ẹnìkan ò wá sìn.

Alàgbà ará Uyo ló béèrè orúkọ bàbá bàbá mi.
Ó ní àwọn a máa kọ orúkọ òkú sílẹ̀, kí wọ́n má baà sọnù.
Mo ní kó fi òkú mi sílẹ̀ níbi tó wà.
Lóru, mo dá wọn kà: Adéwuyì, Òjélérè...
Ahọ́n mi dúró lórí ẹ̀kẹta
bí ẹsẹ̀ tó wá àtẹ̀gùn tì nínú òkùnkùn.

Ọyẹ́ ti dé báyìí.
Màmá Ajíbólú, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin,
máa ń wá kí ilẹ̀ tó mọ́, ìborùn lọ́rùn,
á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùlù, á dijú.
"Ẹ jókòó, Màmá."
"Rárá, ọmọ mi. N ò mu ún mọ́. Mo kàn dúró ni."
Mo fa tíì náà gùn díẹ̀ sí i,
kí ooru rẹ̀ lè tó àwa méjèèjì.