Ìṣẹ́tí Ojú

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí;
tèmi, orí ló ń ṣọ́ ojú.
Iwájú orí mi ló ń gbé ìpéǹpéjú sókè láti àárọ̀
bí ẹni gbé aṣọ ìkélé dání fún àlejò tí kò tètè wọlé.
Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀fọ́rí á dé,
ìkélé á já bọ́.

Àwọn oníbàárà mi ní Ṣẹ́fíìdì,
tí wọ́n ń gbé ṣòkòtò wá kí n gé e kúrú,
a máa béèrè pé, "Ó ti rẹ̀ ọ́, àbí?"
Kò rẹ̀ mí.
Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì tán.
Mo kàn jogún ojú ìyá mi ni,
Adúnbárìn, tí wọ́n ń pè ní Olójú-oorun,
obìnrin tó ń jí ṣáájú àkùkọ.

Ní ọsibítù, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé irin tútù,
kí n tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí mo bá rí iná.
Mo ń dúró.
Mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni.
Nọ́ọ̀sì ní rárá, màmá,
iná ti ń tàn lókè láti ìgbà tí ẹ ti jókòó.

Dókítà Pẹ̀rẹ́rà fi bírò fa ilà sójú mi,
ó tẹ̀ lé ibi tí awọ ti máa ń ká bí mo bá lajú,
kí àpá lè sá pamọ́ síbẹ̀.
Mo ní, "Ẹ̀yin náà ń lo ṣọ́ọ̀kì."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dijú, kí n tún là á.
"Bí a bá gé e kọjá ààlà, ojú ò ní lè padé mọ́."
Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí sísọ́ọ̀sì bá gé,
abẹ́rẹ́ kì í dá a padà.
"Ẹ dín in díẹ̀," ni mo wí.
"Ẹ fi ti ìyá mi sílẹ̀ fún mi."

Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ta mí bí ìjàlọ; lẹ́yìn náà, ibẹ̀ kú tipiri.
Mi ò sùn. Rédíò ń sọ̀rọ̀ òjò.
Òórùn jíjó díẹ̀, bí áyọ́ọ̀nù tó pẹ́ lórí sílíìkì.
Ìlú tí wọ́n ti ń rọ ọ̀bẹ ni mo ń gbé,
mi ò rí abẹ tó gé mi.
Awọ tó yọ rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.
Ó fi òwú tó tín-ín-rín ju irun lọ ṣẹ́tí rẹ̀;
mo ka ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ náà nínú díńgí.
Ǹ bá gbà á síṣẹ́.

Mọ́ríìn aládùúgbò mi, ìsàlẹ̀ ojú lòun ṣe,
owó ara rẹ̀ ló san,
nítorí àpò méjì tó ń rù kiri láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.
Inú lọ́hùn-ún ni wọ́n gbà wọlé, kò sí àpá lóde;
wọn ò kó ọ̀rá náà dànù,
wọ́n tẹ́ ẹ sínú kòtò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀
bí ẹni fi yẹ̀pẹ̀ dí ojú ọ̀nà.
"Wọn ò bi mí mọ́ pé ṣé mo sunkún," ló wí.
Ó dákẹ́.
"Mo ṣì ń sunkún o. Ṣùgbọ́n ó di tèmi nìkan."

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ojú mi wú bí àkàrà, ó ya àwọ̀ àlùkò.
Mo gbé yìnyín lé e, mo to ìrọ̀rí mẹ́ta sùn.
Bámitálẹ́ ọmọ mi pè láti Gílásígò,
ó wo fóònù títí: "Mọ́mì, ta ló lù yín?"

Wọ́n já òwú lọ́jọ́ keje.
Mo jáde sí ibùdó tíráàmù. Mo rí òrùlé.
Mo rí ẹyẹlé, mo rí ọkùnrin kan lórí àkàbà tó ń fọ fèrèsé.
Mo délé, jàǹkárìwọ̀ wà ní gbogbo igun àjà:
ọdún mélòó ni wọ́n ti ń bá mi gbé láìsanwó ilé?

Lálẹ́, ẹ̀fọ́rí ò wá.
Mo dúró níwájú díńgí, mo dijú ní ìdajì.
Adúnbárìn ṣì wà níbẹ̀,
ó ń wò mí láti ẹ̀yìn ìṣẹ́tí,
kò sùn.