Ìgbà Kẹtàdínlógún

Ní Òtà-Ẹfun, lórí ilé alájà tí kò tíì ní òrùlé,
a gbé kámẹ́rà ka orí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta,
nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán láti àná.
Ilé-ẹ̀kọ́ ní ká ya fídíò méje
fún àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́:
bí wọ́n ti ń so pẹpẹ, bí wọ́n ti ń yẹ irin wò,
bí èèyàn ti ń gòkè kó tó sọ̀ kalẹ̀ láàyè.
"Láàyè" yẹn kò sí nínú ìwé wọn.
Èmi ni mo fi kún un.

Yékínì Àtóyèbí ló ń ṣàfihàn.
Ó ti po sìmẹ́ńtì débi pé
àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dà bí ògiri tí wọn kò rẹ́.
A dé akoto pupa lé e lórí,
ó ní, "Ṣé orí mi ló fẹ́ wó ni, àbí ilé?"
A rẹ́rìn-ín. Ìgbà kìíní bàjẹ́.

Nígbà kejì, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.
Nígbà kẹrin, ewúrẹ́ kan gun òkìtì yanrìn,
ó tẹjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tó ń wáṣẹ́.
Láti ìgbà kẹfà, ọ̀rọ̀ inú ìwé ló há a lọ́nà ọ̀fun:
"Ẹ rí i dájú pé, ẹ rí i dájú pé..."
Ó ní, "Ṣadíátù, ta ní ń bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí?
'Ìwọ, wo ẹsẹ̀ ẹ!' là ń sọ."
Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́."
Oòrùn ń lọ, bátìrì ń kú lọ.

Nígbà kẹrìndínlógún ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i:
kó tó gbẹ́sẹ̀ lé pákó, á bẹ̀rẹ̀,
á fi oríkèé ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹta,
á dẹtí, bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà àna rẹ̀.
Mo pariwo: "Ẹ dúró! Kí ni ẹ̀ ń kàn?
Ó ń ba ohùn fídíò jẹ́!"

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí akoto.
Ó jókòó lórí àpò sìmẹ́ńtì.
"Pákó tí àbúrò mi Mùídínì gùn ní Ayétòrò,
ó ń dán lójú ni. Ikán ti jẹ inú ẹ̀ tán.
Bó bá kàn án ni, ìbá gbọ́ ọ:
pákó tó yè á dáhùn kán-kán-kán,
èyí tó ti kú á ní bọ̀-bọ̀.
Kò sẹ́ni tó sọ fún un.
Èmi tí mo mọ̀, ìsàlẹ̀ ni mo wà,
mò ń ku yanrìn."

Jẹnẹrétọ̀ ò dákẹ́.
Ewúrẹ́ yẹn náà ò kúrò.
Mo ká ìwé ọ̀rọ̀, mo ká a sí mẹ́rin,
mo fi há abẹ́ búlọ́ọ̀kù tó ń mì.
Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ tún un ṣe. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe wù yín."

Ẹnjiníà Ọyádìran pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì:
"Fídíò yín dára, ṣùgbọ́n ẹ yọ kíkàn yẹn,
kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́ wa."
Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."
N ò yọ ọ́.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ni, láìsí ọ̀rọ̀ kankan,
ìka kan lára pákó kan,
lẹ́yìn náà, ojú ọkùnrin kan tó ń dẹtí.
Àwọn ọmọ á rò pé ohùn fídíò ló bàjẹ́.
Kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n tún un gbọ́.

Lálẹ́ yẹn, mo délé, ó rẹ̀ mí,
mo fẹ́ gun àtẹ̀gùn onípákó ilé wa.
Ìka mi ti kàn án kí n tó mọ̀.